Ẹ́ńjìnnì Òde Òní Nínú Jíìpù Àtijọ́: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Yàn?

Ẹni tó bá ní Toyota Land Cruiser FJ40, Land Rover Series tàbí Ford Bronco àkọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ara ọkọ̀ ṣì le koko, ṣásí kò tíì jẹrà, àwọn èèyàn ń yà á ní fọ́tò lójú títì, àmọ́ ẹ́ńjìnnì ti rẹ̀ ẹ́. Tó bá dé ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló ń yà á sílẹ̀. Tó bá di òwúrọ̀ tí òtútù mú, ẹ ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ títí kó tó gbà láti jí.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mẹkáníìkì ni pé, "Ẹ́ńjìnnì wo ló lágbára jù tó lè wọ inú ẹ̀?" Mi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni ẹ́ńjìnnì yìí máa gbà lọ́wọ́ ìyókù ọkọ̀ mi? Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá wọlé, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Gíá ń dúró dè yín, rédíétọ̀ ń dúró dè yín, bẹ́ẹ̀ náà ni waya, táǹkì epo, bíréèkì àti ásù. Àpapọ̀ ohun tí ìwọ̀nyí máa ná yín sábà máa ń ju owó ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Àkọ́kọ́, kí ẹ tún ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ ṣe, kí ẹ yọ kábúrétọ̀ rẹ̀ (ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), kí ẹ fi nọ́sù onísẹ́ńsọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń darí láti fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, rọ́pò. Èkejì, kí ẹ mú àbúrò ẹ́ńjìnnì yẹn, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, V8 (ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ) ti iléeṣẹ́ GM tí gbogbo ayé ń pè ní LS. Ẹ̀kẹrin, dísù kékeré onítọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) bíi R2.8 ti iléeṣẹ́ Cummins.

| Ẹ́ńjìnnì | Títóbi àti epo | Agbára | Ipá ìyí, àti eré tó ti ń dé góńgó |
|---|---|---|---|
| Toyota 2F (ti FJ40 àtijọ́) | 4.2 L, bẹntiróòlù | 135 hp | 285 Nm ní 1,800 rpm |
| Toyota 1FZ-FE | 4.5 L, bẹntiróòlù | 212 hp | 373 Nm ní 3,200 rpm |
| Land Rover 300Tdi | 2.5 L, dísù | 111 hp | 265 Nm ní 1,800 rpm |
| GM LM7 (ọ̀kan nínú ẹbí LS) | 5.3 L, bẹntiróòlù | 270–295 hp | 427–454 Nm ní 4,000 rpm |
| Cummins R2.8 | 2.8 L, dísù | 161 hp | 420 Nm ní 1,800 rpm |

Nínú àtẹ yìí, hp ni òṣùwọ̀n agbára, Nm ni ti ipá ìyí, rpm sì ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ipá ìyí àwọn R2.8 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2017 kò tó iye tó wà níbẹ̀. 362 Nm ni wọ́n ní, kí wọ́n tó tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe.

Ẹ tẹjú mọ́ ìlà méjì tó gbẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá wo agbára, V8 fi ohun tó lé ní 100 hp ju dísù lọ. Tẹ́ ẹ bá wá wo ipá ìyí, ìyẹn agbára tó ń yí táyà nígbà tí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìgbà tí ipá náà ń jáde. Dísù ti kó gbogbo tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1,800 rpm, níbi tí V8 ò tíì gbóná sí iṣẹ́. Ẹ tún wo 2F: 1,800 rpm náà ni tiẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí jíìpù àtijọ́ ti mọ́ lára, tó fẹ́ràn bó ṣe ń rọra gun àpáta láì fi ẹsẹ̀ tẹ iná, fi máa ń sọ pé dísù onítọ́bò dà bí ẹ́ńjìnnì òun tó padà di ọ̀dọ́.

Kí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹ yọ kábúrétọ̀

Àwọn èèyàn kì í ka èyí sí pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rárá, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ wò ó kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Inú kábúrétọ̀ ni abọ́ kékeré kan wà tí epo ń dúró sí. Ohun kan léfòó lórí epo yẹn. Tí epo bá kún, á gòkè, á dí ẹnu ọ̀nà epo. Tí epo bá fà, á wálẹ̀, á ṣí i. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí ohun tó dára tó o. Ẹ wá gbé ọkọ̀ yẹn kojú òkè tó dagun, tí imú rẹ̀ ń wo ọ̀run. Epo inú abọ́ á ṣàn sí ẹ̀yìn, ohun tó léfòó á ṣìnà, ẹ́ńjìnnì á máa húkọ́, èéfín dúdú á tú jáde ní sàláńsà, ó kú. Bíréèkì yín sì ń fi fákúọ̀mù ẹ́ńjìnnì (bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́) ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tó kú láàárín òkè, tí pẹ́dà bíréèkì rẹ̀ ń le sí i ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Nọ́sù kò ní abọ́. Pọ́ǹpù ló ń ti epo lọ bá a, nítorí náà bó ṣe wù kí ọkọ̀ dagun tó, epo á dé. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò pọ̀: ẹ gbé ìdí kábúrétọ̀ kúrò, ẹ gbé ti nọ́sù síbẹ̀, ẹ jó ihò kan sára páìpù èéfín fún sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ẹ sì fi pọ́ǹpù oníná alágbára sínú táǹkì. Gíá ò yí padà, síìtì ẹ́ńjìnnì ò yí padà, ásù ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kò ní fún yín ní eré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń bí yín nínú ni pé ọkọ̀ kì í tètè jí, tó ń mu epo jù, tó ń kú lórí òkè, ìyẹn ti parí níbí. Ẹ ṣá rí i pé ẹ́ńjìnnì náà ṣì ní kọ́mpíréṣọ̀nù, ìyẹn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà. Kí ẹ wọ̀n ọ́n ní sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá já sílẹ̀ gan-an ju àwọn tó kù lọ, nọ́sù ò lè wo àìsàn yẹn.

Àbúrò ẹ́ńjìnnì náà

Ọ̀nà yìí kì í pariwo, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń bọ̀wọ̀ fún jù. Land Rover Series ni àpẹẹrẹ tó yanjú jù. Ẹ́ńjìnnì 2.25 L tó bá a wá àti 200Tdi tó jáde lọ́dún 1989 jẹ́ ìran kan náà, débi pé 200Tdi á wọlé sára gíá Series ní tààràtà, láì sí àdápítọ̀. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba dísù onítọ́bò tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nìyẹn. Waya kan tó ń ṣí epo, òun náà ló ń pa á. 300Tdi tó tẹ̀ lé e náà ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ti waya, àmọ́ àwọn nǹkan tó so mọ́ ara rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ á sì pọ̀ sí i.

Ní ti Land Cruiser, 1HZ dísù 4.2 L ni àwọn tó ń rin ọ̀nà jíjìn ń yàn. Pọ́ǹpù irin ló ń fún un lépo, kò sí bíréènì bọ́ọ̀sì, pọ́ǹpù fákúọ̀mù fún bíréèkì sì ti wà lẹ́yìn ọ̀tánétọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí gbangba: agbára 1HZ kò ju ti 2F lọ lọ́nà tẹ́ ẹ máa fi mọ̀. Ẹni tó bá ń wá eré kò ní rí i níbẹ̀. Ohun tó ń fúnni ni epo tó pẹ́ kó tó tán, àti ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Ẹni tó fẹ́ eré láìfi Toyota sílẹ̀ ni 1FZ-FE wà fún, àmọ́ ó gùn, ó wúwo, ó sì ń mu bẹntiróòlù dáadáa.

Ẹ fiyè sí iná. Àwọn Land Cruiser dísù àtijọ́ kan ń lo 24 V. Tí ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ń gbé wọlé bá jẹ́ ti 12 V, kíkítátà, ọ̀tánétọ̀, gílóòbù iná àti géèjì ni ẹ ní láti rò pọ̀, kì í ṣe bátìrì nìkan.

V8 LS

Ọdún 1997 ni LS1 kọ́kọ́ jáde nínú Corvette. Lẹ́yìn náà ni GM kó àwọn ìbátan rẹ̀ oní-irin sínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àti jíìpù ńláńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, LM7 sì wà lára wọn láti 1999 dé 2007. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi pọ̀ nílẹ̀, tí ẹ̀yà ara wọn kò sì wọ́n.

Ohun tó mú kí LS wọ inú jíìpù àtijọ́ ju àwọn V8 òde òní mìíràn lọ ni pé káámù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) kan ṣoṣo ló ní, àárín búlọ́ọ̀kù ló sì wà. Orí ẹ́ńjìnnì náà kéré. Ẹ fi wé Coyote 5.0 L ti Ford, tí káámù mẹ́rin wà lórí rẹ̀: agbára rẹ̀ dára gan-an, àmọ́ ó fẹ̀ débi pé àpótí sítíà àti ògiri bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó máa bá jà. LS tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tún fúyẹ́ ju 2F onírin lọ, kódà bó ṣe jẹ́ V8 yẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni waya. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ka eyín tó wà lára àgbá kan lẹ́yìn kíránkì. Àwọn ti ìṣáájú ní eyín 24, àwọn tó dé lẹ́yìn ní 58, kọ̀ǹpútà ọ̀kan kì í gbọ́ èdè èkejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ káámù wà. Tó bá wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, nítòsí ibi tí gíá ti ń so mọ́ ọn, ti ìṣáájú nìyẹn. Tó bá wà níwájú, lára ìdérí ṣéènì, ọ̀kan nínú àwọn tó dé lẹ́yìn ni. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá okùn ló ń fa ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tàbí iná ló ń ṣí i. Tó bá jẹ́ iná, pẹ́dà tó bá a wá gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí kọ̀ǹpútà ò ní gba pẹ́dà ibòmíì. Ẹ ó tún ní kí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yọ ètò ìdènà olè tó wà nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì tún kú.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn wà tí àwọn tó ń kánjú máa ń fò. Epo tó ń lọ bá nọ́sù LS ní ìfúnpá 58 psi, nígbà tí pọ́ǹpù kábúrétọ̀ kì í fún ju bíi 3 sí 5 psi lọ, nítorí náà ọ̀pá epo àtijọ́ àti rọ́bà rẹ̀ kò ṣeé lò. Sọ́ǹpù ọ́ìlì ti ọkọ̀ akẹ́rù jìn wálẹ̀, ásù iwájú lè gbá a tí ọkọ̀ bá já sínú kòtò. Lórí tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni páìpù kékeré kan wà tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti ooru jáde sí orí rédíétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dí i. Afẹ́fẹ́ tó bá há síbẹ̀ á mú kí tọ́ọ̀pù sìlíńdà gbóná gan-an, bẹ́ẹ̀ géèjì ò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Dísù kékeré onítọ́bò

Cummins R2.8 yàtọ̀ sí àwọn yòókù torí pé wọ́n dìídì ṣe é fún irú iṣẹ́ yìí ni. Ó ń wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, waya, pẹ́dà àti géèjì tirẹ̀, gbogbo wọn sì bára mu láti ilé. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ waya ń kó láyà sókè, ìyẹn nìkan tó ìdí. Tọ́bò rẹ̀ tún ń ràn án lọ́wọ́ níbi gíga tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, tí ẹ́ńjìnnì aláìnítọ́bò ti máa ń pàdánù agbára.

Àmọ́ ó fẹ́ àyè fún íńtákúlà (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) níwájú rédíétọ̀, iwájú jíìpù àtijọ́ ò sì ní àyè tó pọ̀. Ó tún fẹ́ kí ẹ rántí bíréèkì: ẹ́ńjìnnì dísù kì í ṣe fákúọ̀mù fúnra rẹ̀ bíi ti bẹntiróòlù, nítorí náà pọ́ǹpù fákúọ̀mù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí páìpù rẹ̀ sì dé ibi tó yẹ.

Ọ̀rọ̀ epo ló wúwo jù fún mi níbí. Dísù òde òní ń fi ìfúnpá tó ju 1,000 bar lọ tú epo sínú sìlíńdà, ihò nọ́sù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Omi díẹ̀ nínú dísù, tàbí ìdọ̀tí, ó tó láti ba pọ́ǹpù àti gbogbo nọ́sù jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó máa ń ra epo nínú dúrọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi àsẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ síbẹ̀, kó sì máa tú omi rẹ̀ dànù léraléra. Tí ibi tẹ́ ẹ ń rìn dé bá jìn gan-an, tí epo ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, 1HZ àti àwọn Tdi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ padà sí.

Àwọn kan á dárúkọ Cummins 4BT 3.9 L. Irin gidi ni, kò sí kọ̀ǹpútà, kì í tètè kú. Àmọ́ ó wúwo gan-an fún imú jíìpù kékeré, ó sì ń gbọ̀n débi pé bóòtù á máa tú. Mi ò ní gbé e sínú FJ40.

Mọ́tò oníná tí wọ́n ń yọ lára ọkọ̀ bíi Nissan Leaf náà ń wọlé sínú jíìpù àtijọ́ báyìí. Ipá ìyí rẹ̀ ń jáde láti òdo, kò sì sí ohun tó dùn tó o láti fi gun àpáta. Ibi tí mo ti ṣíwọ́ ni ìwúwo bátìrì àti bí ibi tí wọ́n ti ń gba iná ṣe jìnnà sí igbó. Fún ẹni tí kò kúrò nítòsí ilé, ó dára.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì

Ibi táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn FJ40 kò ju 2,285 mm lọ. Tẹ́ ẹ bá fi gíá ọtọmátíìkì gígùn sẹ́yìn V8, kí ẹ tún wá so gíá apínagbára mọ́ ọn, pọ̀pẹ́là ẹ̀yìn á kúrú débi pé á dagun, á máa gbọ̀n, igun rẹ̀ á sì máa jẹ jọ́íǹtì. Nínú ọkọ̀ gígùn bíi Land Cruiser FJ60, ìṣòro yẹn ò tó nǹkan. Èyí nìkan lè pinnu ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ máa rà: tí ọkọ̀ bá kúrú, gíá ọlọ́wọ́ tó kúrú ni kí ẹ rò, tàbí kí ẹ dúró lórí gíá tó bá ọkọ̀ wá.

Gíá Series Land Rover ò lágbára tó ipá Tdi tẹ́ ẹ bá ń fipá gbé ẹsẹ̀ lé e, bó tiẹ̀ wọlé sí i. Jọ́íǹtì ásù iwájú Land Cruiser náà á ṣẹ́ tí V8 bá tú gbogbo agbára sí i nígbà tí ẹ fi sítíà yí táyà dé òpin. Dísù ní ti tirẹ̀ kì í sáré yí bíi bẹntiróòlù, nítorí náà ásù oní-4.11 (tí pọ̀pẹ́là ń yí ìgbà 4.11 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) á mú kó máa pariwo lójú ọ̀nà márosẹ̀ àyàfi tí gíá bá ní ìpele karùn-ún.

Bíréèkì ńkọ́? Àwọn FJ40 ti ìṣáájú ní bíréèkì dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti dá ẹ́ńjìnnì àtijọ́ dúró. Ẹ má fi V8 sí i kí ẹ tó fi díìsì síwájú, ó kéré tán. Lórí kókó yìí, mi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni.

Rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju bí ìwé ẹ́ńjìnnì ṣe sọ lọ. Lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ń wọlé fúnra rẹ̀. Nínú igbó, tẹ́ ẹ bá ń rọra rákò nínú ooru, fáànù nìkan ló kù. Kí ẹ bá àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ níbi tí ẹ ń gbé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú kí ẹ tó yọ bóòtù kankan, torí òfin ibòmíràn kò gbà kí ẹ́ńjìnnì tó wọlé dàgbà ju ọkọ̀ lọ, ó sì lè fẹ́ kí gbogbo ohun tó ń fọ èéfín bá a wá.

Tẹ́ ẹ bá ti yàn, ẹ gbìyànjú láti ra odidi: ẹ́ńjìnnì, gíá, waya, kọ̀ǹpútà, pẹ́dà, ọ̀tánétọ̀ àti pọ́ǹpù sítíà láti inú ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó tú u. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi pílọ́yà gé waya. Kí wọ́n yọ ọ́ níbi tó ti so. Ṣáájú kí ajórin tó jó síìtì ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣásí pátápátá, kó kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kí ẹ fi jáàkì gbé ásù iwájú títí á fi kan rọ́bà ìdènà rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ wọn àlàfo tó kù láàárín rẹ̀ àti sọ́ǹpù ọ́ìlì. Kí ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ láìkan ara wọn, ìgbà yẹn ni kó jó o tán.